Ènìyàn Kan Ṣoṣo Ni Gbogbo Ilé Wa

Mo lọ bá ìyá mi gba káàdì ìtọ́jú ọ̀fẹ́ àwọn àgbà ní ilé ìwòsàn kan ní Bàrígà, bàbá kan àti ìyá kan tí wọn ò mọra rí sì jókòó níwájú mi lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ oníkọ̀ǹpútà dé ni, ojú rẹ̀ le.

"Wọ́n ní mo ti gba káàdì."

"Ṣé lóòótọ́ lẹ gbà á, Màmá?"

"Ìyá yàrá kejì ló gba tiẹ̀ lánàá. Nọ́mbà fóònù kan náà la jọ fi sílẹ̀."

"Ẹ̀yin méjèèjì?"

"Méjì kẹ̀? Gbogbo àgbà ilé ni! Ti ọmọ lánlọ́ọ̀dù la fi sílẹ̀, torí òun nìkan ló mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá pe ẹnikẹ́ni nínú wa, kó sáà lanu pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó gbọ́. Ni kọ̀ǹpútà bá ní ènìyàn kan ṣoṣo ni gbogbo ilé wa."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́. "Ìrẹ́pọ̀ yín mà pọ̀ o! Ẹ ò bá kúkú ra fóònù kékeré kan."

"Bí mo bá lówó fóònù, ṣé ohun ọ̀fẹ́ ni màá wá tò fún?"

Bàbá tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní, "Àwọn tó ń gba owó kíkó ìdọ̀tí ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ṣoṣo làwọn náà kà yín sí?"

"Àwọn yẹn? Yàrá yàrá ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tiwọn, a máa ń pọ̀."