Káàdì Tó Wà Nínú Òdòdó Màmá

Àǹtí, ẹ má ní kí n jókòó, mi ò jókòó! Ta ló rán yín níṣẹ́? Mo ní ta ló rán yín níṣẹ́ tí ẹ fi mú bíírò tí ẹ kọ orúkọ mi sórí káàdì? Láti oṣù mọ́kànlá tí a ti jọ ń ṣe é, ǹjẹ́ mo bẹ̀ yín lọ́jọ́ kan pé kí ẹ kọ orúkọ mi? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ gbé sísọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀ ná, àwọn òdòdó yẹn ò ní sá lọ, ẹ kọjú sí mi. Màmá mi ò jẹun láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Òní ọjọ́ Ẹtì rèé. Omi nìkan ló ń mu, ìyẹn náà sì di ìgbà tí mo bá kúnlẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà lórí tábìlì bí mo ṣe kó o síbẹ̀, ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹrù ẹlòmíràn. Ẹ gbà mí o, nítorí káàdì kékeré tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ!

Mo mọ̀ pé ire lẹ rò. Mo mọ̀, ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé, ẹ ní ẹ̀bùn lẹ fi ṣe fún mi. Ohun tó tún wá dá kún un nìyẹn, torí ká ní ẹni tó kórìíra mi ló ṣe é ni, ǹ bá ti pariwo lé e lórí, ǹ bá bú u tẹ́rùn, inú mi á sì rọ̀. Ẹ̀yin wá ńkọ́? Báwo ni mo ṣe fẹ́ bú yín, ẹ̀yin tí ẹ mọ gbogbo bó ṣe ń lọ nílé wa? Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ fún mi pé àbúrò mi ò pè mọ́. Ibi tí mo dúró sí yìí náà ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ tutù rinrin, bọ́kẹ́ẹ̀tì yín tò lọ bẹẹrẹ tòdòdó tòdòdó, ẹ wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ní, "Ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹta báyìí tí mi ò gbúròó àbúrò rẹ o, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí nǹkan. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ẹ jẹ́ n tún un sọ, bóyá á yé èmi alára. Ọmọkùnrin yẹn wà ní ìlú ńlá, iṣẹ́ ò jẹ́ kó wálé, ó wá ní kí Màmá máa rí òdòdó tútù gbà lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ó dáa! Èmi ni mo kọ́kọ́ yìn ín. Á pè yín lórí fóònù, á sọ irú èyí tó fẹ́, á sọ ohun tí ẹ máa kọ sórí káàdì, ẹ̀yin á sì fi ọwọ́ yín tó dára yẹn kọ ọ́, ẹ ó kì í bọ àárín òdòdó. Iṣẹ́ yín ni, bí ẹ ṣe ń ṣe é fún gbogbo ìlú nìyẹn. Ṣé Màmá wá mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ dé, ó gbé káàdì sún mọ́ fèrèsé, ó ní, "Wo ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ mi!" Ọkọ mi, ọmọ rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ó mà ti dára sí i o. Nígbà tó wà nílé ìwé, ṣe ló máa ń dà bí ibi tí adìẹ walẹ̀ sí." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni mo fi ṣe, Àǹtí, mi ò sọ pé Màmá, olódòdó ló kọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ ba ayọ̀ arúgbó jẹ́ sí? Ó da gbogbo bọ́tìnnì tó wà nínú agolo bísíkíìtì rẹ̀ sínú ọ̀rá, agolo tó ti ń lò látìgbà tó ti ń ránṣọ, ó fi agolo náà ṣe ilé káàdì. Ìkankan ò tíì sọnù níbẹ̀ títí dòní.

Ìgbà tó yá ni àbúrò mi dákẹ́. Kì í ṣe ìkà, mo fi Ọlọ́run búra, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, mo mọ̀ ọ́n. Ó kàn máa ń gbàgbé ni. Lójú tirẹ̀ òdòdó dà bí iná mànàmáná, béèyàn bá ti tàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ń tàn lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Màmá ti gbé àga sójú fèrèsé láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí òdòdó máa ń dé, ó ti ya irun, ó ti wọ ẹ̀wù tó ní kọ́là, ó ń wo títì. Ó wò ó títí ọ̀sán fi pọ́n. Ó ní bóyá ọkọ̀ wọn ló bà jẹ́. Èmi náà ní bóyá. Háà! Ta ló lè wo ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta kó má ṣe nǹkan kan? Mo wá bá yín, mo ní ẹ máa ṣe é lọ, ẹ máa kọ orúkọ rẹ̀ sí i, èmi á máa bá yín rán kọ́tìnnì, èmi á máa bá yín tún aṣọ iṣẹ́ yín ṣe dípò owó. Ẹ gbà. Ẹ tiẹ̀ nu ojú díẹ̀. Ó yẹ kí omijé yẹn ti kìlọ̀ fún mi!

Torí ẹ ò mọ bó ṣe máa ń rí, ẹ̀yin ẹ máa ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà ni, ẹ ó sì máa lọ. Èmi ni mò ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́, èmi ni mò ń gé ìdí rẹ̀, èmi ni mò ń rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ gbá èyí tó bá rẹ̀ dànù. Màmá á wá na ẹsẹ̀ lé mi nítan, kí n bá òun gé èékánná, á máa wo òdòdó, á ní, "Ọmọ tó ń rántí ìyá rẹ̀ rèé." Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi o! Ọmọ tó ń rántí ìyá rẹ̀! Màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ó máa ń dùn mí. Mo sọ fún yín pé ó ń dùn mí, mi ò sẹ́. Oṣù tó kọjá, lórí àpótí yẹn ni mo ti sunkún, imú mi ń ṣomi, ẹ fún mi ní aṣọ tí ẹ fi ń nu ìkòkò òdòdó. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Kí ni mò ń sunkún sí níwájú yín, nígbà tí mo mọ̀ pé àánú yín ò lè jókòó jẹ́jẹ́!

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá pé ọgọ́rin ọdún. Ẹ gbé òdòdó wá fúnra yín, aláwọ̀ ìyeyè àti funfun, ó tóbi débi pé ẹ̀gbẹ́ lẹ fi wọlé. Mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó tọ̀ sí mọ́jú. Ẹ ti lọ kí n tó gbọ́ tó ń pè mí. Mo sáré wọlé tọṣẹ tọṣẹ lọ́wọ́, ó na káàdì sí mi, mo wá rí i. "Láti ọwọ́ ọmọbìnrin yín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín." Orúkọ mi wà nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀, kò ku lẹ́tà kan. Ṣé kí n má purọ́ fún yín? Inú mi dùn! Èmi àgbàlagbà, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, mo dúró síbẹ̀ bí ọmọ tó gba ipò kìíní, omi ọṣẹ ń ro sílẹ̀, mò ń dúró kó yìn mí. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Kí ló ṣe ọkọ mi?"

Kí ló ṣe ọkọ mi! Ó ní, "Ọwọ́ ọmọ mi rèé. Mo mọ̀ ọ́n, ó kún agolo mi. Kí ló máa mú kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ tìẹ sí òdòdó mi, bí kì í bá ṣe pé ó ń fi mí lé ọ lọ́wọ́? Bí ẹni tó ń lọ ṣe ń kọ̀wé nìyí. Ara ọmọ mi ò yá, ẹ ń fi pa mọ́ fún mi." Yéè! Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ gbà yọ! Ẹ̀yin kọ òótọ́, òun ka ikú!

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní Màmá, èmi ni, ó ti tó oṣù mọ́kànlá tó ti jẹ́ èmi ni. Ó wò mí, ó fọwọ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, ó ní, "Má purọ́ nítorí mi, ọmọ mi." Àǹtí! Irọ́ tí mo ti ń pa bọ̀ ló gbà gbọ́, ìgbà tí mo wá sọ òótọ́ ló ní kí n má purọ́! Mo ní ẹ̀yin lẹ ń kọ káàdì, àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti jẹ́ ẹ̀yin, ó ní ṣé olódòdó ló wá ń pe òun ní Màámi lórí káàdì ni? Ó ní èmi tí mi ò mọ ìyàtọ̀ láàrin òdòdó àti ewébẹ̀, níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n yàn? Òdòdó tí mo fọwọ́ ara mi ṣà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yín níbí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan!

Kí n pe àbúrò mi? Ẹ ṣé o! Ṣé ẹ rò pé mi ò pè é ni? Mo pè títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, "Ẹ̀gbọ́n, mo wà ní mítíìnì, màá pè yín." Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Irú mítíìnì wo nìyẹn, ṣé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ni? Mo fi han Màmá, mo ní ẹ wò ó, ó wà láàyè, mítíìnì ló wà. Ó ní kò sẹ́ni tí kò lè tẹ ìyẹn, pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí n yí òdòdó kọjú sí ògiri. Ó ní kí n mú ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé ọmọ òun wá, èyí tí òun fọwọ́ ara òun rán fún un, ó sì gbé e lé àyà látìgbà náà, ó ń fi ìka wá ojú rírán rẹ̀ kiri. Nọ́ọ̀sì wá lánàá. Ó ní bí kò bá tíì jẹun títí ọ̀la, wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n á ti rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú. Ẹni ọgọ́rin ọdún! Ẹ̀rù ń bà mí, Àǹtí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, mi ò mọ ibi tí mo tún lè yà sí, ẹ̀yin náà ni mo tún yà sí yìí.

Nítorí náà ẹ jókòó. Rárá, ẹ̀yin ni mo ní kí ẹ jókòó. Ẹ mú káàdì kan jáde, èyí tó ní ìlà wúrà létí, irú èyí tó fẹ́ràn. Ẹ ní kí ni? Ẹ ò kọ irọ́ mọ́? Háà! Oṣù mọ́kànlá lẹ fi kọ ọ́, òní ni irọ́ wá ń wúwo lọ́wọ́ yín? Òótọ́ tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ńkọ́, ṣebí ẹ rí ohun tó fà! Kí n kọ ọ́ fúnra mi? Ta ló kọ́ mi ní ìwé kíkọ? Ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì Màmá ni mo ti kọ́ A, B, D, ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ ló fi kọ ọ́ fún mi sórí àjákù aṣọ. Á dá ọwọ́ mi mọ̀ nínú òkùnkùn. Kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó ní ọwọ́ ọmọ rẹ̀ àfi ẹ̀yin, àbúrò mi gan-an ò ní in! Ẹ ò ráyé, bó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí i báyìí, Màmá á ní ayédèrú ni.

Ẹ ṣé. Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ jẹ́ n nu tábìlì yẹn ná, omi wà níbẹ̀. Ó yá. Ẹ kọ, "Màámi, ẹ tún kú ọjọ́ ìbí." Lẹ́yìn náà, "Ara mi le. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n pè." Ẹ wá kọ, "Ẹ jẹun." Bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹ jẹun, kò gba àlàyé, á gbọ́ tirẹ̀. "Èmi ni mo fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo mọ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́dọ̀ yín." Ẹ dúró. Ẹ dúró ná, kí n mí.

Ẹ fi sí i, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́. "Ẹ pè é, kí ẹ sọ fún un pé ó ṣeun gan-an." Kí lẹ tún ń sunkún sí? Ẹ máa ro omi sórí káàdì o! Ohunkóhun tí ọmọ yẹn bá ní kí Màmá ṣe ló máa ń ṣe, bó bá ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Á kà á sókè lẹ́ẹ̀méjì bó ṣe máa ń kà á, èmi á sì wà níbẹ̀, màá ti gbé oúnjẹ dání. Ẹ jẹ́ kí ìlà yẹn tóbi díẹ̀ ju àwọn tó kù lọ. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, mi ò sì fẹ́ kó fò ó.