Ẹ́ńjìnnì Tí Kì Í Fọhùn

Ẹ dìde, ẹ̀yin ará Ìwó, kí a yin ẹ́ńjìnnì tí kì í fọhùn. Kò sí ọlá tí ó ga tó o láàrin wa. Bí ọkùnrin bá ní oko kòkó tí ojú kò lè ká, tí lọ́rì rẹ̀ bá ń dún ta-ta-ta kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí, ẹni yẹpẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ bá rọra kọjá bí ológbò tí ó jí ẹran jẹ, ọlọ́lá ni, kí gbogbo wa wólẹ̀ kí i.

Nítorí ọlá yìí ni mo fi ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ó ti wà lọ́rùn mi láti ìgbà òjò tó kọjá. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n kò sì sọ ọ́ fún àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí ọkùnrin kan ní Olúpọ̀nnà ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni yóò sì wá gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ẹ kò bá fẹ́ràn mi mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò burú. Èmi náà kò fẹ́ràn yín. A ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́ nínú ìwé ìròyìn yìí.

Mo kàwé ní yunifásítì lókè òkun. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, mo mú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan bọ̀, pẹ̀lú ìwé tí ó kọ́ni bí a ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe nílé, àti ìdì ewé irin kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ewé irin rẹ́rìn-ín. Irin pẹlẹbẹ ni, ó tín-ín-rín, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ju èkejì lọ. Wọ́n kàn wọ́n pọ̀ ní ìdí, ó ń fẹ̀ bí ìka ọwọ́. Òun la fi ń wọn àlàfo fáàfù. Kò sí irú rẹ̀ mìíràn ní gbogbo Ìwó. Mo máa ń so ó mọ́ ṣéènì aago mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Fáàfù jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré nínú ẹ́ńjìnnì. Irin kan wà nísàlẹ̀ tí ń tì í sókè kí ó lè ṣí. Láàrin irin yẹn àti ẹsẹ̀ fáàfù, àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, nítorí bí irin bá gbóná, ó máa ń gùn sí i. Bí kò bá sí àlàfo, ilẹ̀kùn náà kò ní lè tì dáadáa mọ́. Iná yóò máa gba ẹnu rẹ̀ yọ, yóò sì máa jẹ ẹ́ títí yóò fi jó.

Àlàfo yẹn ló ń dún ta-ta. Ìró àlàáfíà ni. Òun náà ni àwọn ọlọ́lá wa ń sá fún.

Bàbá Làmídì ni olórí wọn. Ó ń ra kòkó àti obì ní Kuta àti Ilé-Ogbó, lọ́rì rẹ̀ sì ń kó wọn lọ sí ibùdó rélùwéè. Ráímì ni dírẹ́bà rẹ̀. Ọmọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ni, ó ń dé fìlà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé òun ló ni ọ̀nà. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá ń kọjá, á ní, "Akọ̀wé, ẹ rọra tẹlẹ̀ o, bàtà yín ò gbọ́ Yorùbá."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Bàbá Làmídì ránṣẹ́ pè mí. Èrò ti pé sí iwájú ilé rẹ̀. Ráímì jókòó sórí lọ́rì, ó ń jẹ obì.

Bàbá Làmídì ní, "Akọ̀wé, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọkọ̀ tìrẹ kì í fọhùn. Jẹ́ kí tèmi náà dákẹ́."

Ọkọ̀ mi ti wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìnkùlé nígbà náà, mo fi aṣọ bò ó. Mo ti sọ fún aráyé pé ohun èlò kan ni mò ń retí láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ìlú kò gbàgbé bí ó ti ń dákẹ́ nígbà tí mò ń wà á.

Mo ṣe iṣẹ́ náà bó ti yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí gbọ́, bí ẹ kò bá tiẹ̀ gba ohun mìíràn gbọ́. Ẹ́ńjìnnì náà ti tutù láti àárọ̀. Mo fi ọwọ́ yí i títí fáàfù kọ̀ọ̀kan fi tì pátápátá. Mo fi sípánà kan di irin ìsàlẹ̀ mú, mo fi èkejì tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo ki ewé irin bọ àárín. Kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ yọ̀ gborogboro. Ó yẹ kí ó máa wá bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ìwé kúrò lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó ti sùn. Mo dì í, mo tún un wọ̀n, nítorí nọ́ọ̀tì máa ń fa irin lọ bí a bá ń dì í.

A ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Ó ń dún ta-ta, jẹ́jẹ́, bó ṣe yẹ kí ó dún.

Ráímì bú sẹ́rìn-ín lórí lọ́rì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé! Ẹ ti kọ́ ọ ní ábídí, ó ti ń kà á."

Gbogbo iwájú ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá Làmídì kò rẹ́rìn-ín, èyí ló burú jù. Ó ní, "Gbogbo òkun tí o là kọjá, ìró yìí náà lo rí mú bọ̀?"

Mo ní, "Bàbá, bó ṣe yẹ kí ó máa dún nìyẹn."

Ó ní, "Ṣé tìrẹ máa ń dún?"

Mo wo àwọn ènìyàn náà. Mo wo Ráímì. Mo ka ewé irin mi pọ̀, mo fi í sínú àpò. Mo mú sípánà, mo sì ń di fáàfù náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí kò fi ku àlàfo kankan.

A tún ṣáná sí i. Kò fọhùn. Èrò hó yèè. Bàbá Làmídì dì mọ́ mi. Ráímì sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ní, "Haa! Akọ̀wé ni yín lóòótọ́." Ó dùn mọ́ mi nínú ju ọjọ́ tí mo gba oyè ní yunifásítì lọ.

Mo mọ̀ pé yóò jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ pé bóyá n kò mọ̀. Mo mọ̀.

Kò pẹ́ tí agbára lọ́rì náà fi ń dínkù. Ní ọjọ́ kan, ó kọ̀ láti gun òkè kan lójú ọ̀nà Kuta pẹ̀lú ẹrù kòkó. Òjò sì bá a níbẹ̀. Kòkó Bàbá Làmídì rin gbingbin, ó sì bàjẹ́. Bàbá náà ní Ráímì ló ń ta epo ọkọ̀, tó sì ń da epo àtùpà dípò rẹ̀. Wọ́n pè mí kí n wá tú ẹ́ńjìnnì.

Mo tú u níwájú gbogbo wọn. Ẹnu fáàfù ti jó wọ́nkiwọ̀nki bí etí àkàrà tó pẹ́ nínú epo.

"Akọ̀wé, kí ló jó o?" Bàbá Làmídì ló bèèrè.

Mo ní, "Epo tí kò mọ́ lè jó o."

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe irọ́. Epo tí kò mọ́ lè jó o lóòótọ́. Ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì nìyẹn: bí a ti ń fi òtítọ́ pa ènìyàn, tí ọwọ́ ẹni yóò sì mọ́.

Ráímì ní, "Ẹ wò mí lójú kí ẹ tún un sọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu sípánà.

Wọ́n lé e. Wọ́n pè é lólè títí ó fi jáde ní àdúgbò. Àwọn òbí ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ní Ilé-Ogbó dá ẹrù ìdána padà. Ní báyìí, ẹrù ló ń gbé lórí ní ibùdó rélùwéè. Mo pàdé rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí mo lọ gba ìwé ìròyìn mi. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ tún fẹ́ kí n gbé tiyín ni?" Ó tutọ́ sílẹ̀. N kò lè sọ pé kò tọ́ sí mi.

Ọkùnrin Olúpọ̀nnà tí mo sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lọ́rì. Ráímì ti lọ bá a pé òun fẹ́ wà á. Ọkùnrin náà wá bá mi. Ó ní, "Ó ń búra pé òun kò da epo àtùpà sí i. Ẹ̀yin lẹ tú ẹ́ńjìnnì yẹn, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ní kò ṣe é, ọkọ̀ ti di tirẹ̀ láti wà. Ṣùgbọ́n ẹ ó sọ ohun tó jó o fún mi, torí mi ò fẹ́ kí tèmi náà jó."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ wo ìwé mi. Kò sí ohun tí mo fẹ́ wò nínú ìwé.

Bí mo bá sọ ọ́, Bàbá Làmídì yóò gbọ́, gbogbo ìlú yóò gbọ́. Ẹ̀yin tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn yìí láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ ó rẹ́rìn-ín títí inú yóò fi run yín. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́: ẹ̀rín yín ni mò ń bẹ̀rù, kì í ṣe Ọlọ́run.

N kò kọ orúkọ mi sí i, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló ní ewé irin, nítorí náà ẹ ti mọ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gbéra lọ sí Olúpọ̀nnà kí ọjọ́ ọjà tó pé? Bí ẹsẹ̀ mi bá kọ̀, kí ẹni tó mọ̀wé nínú yín ka èyí sétí ọkùnrin náà, kí ó kà á sétí Bàbá Làmídì, kí ó sì kà á fún Ráímì ní ibùdó rélùwéè, sókè, kí àwọn tó pè é lólè lè gbọ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ó ti ṣe dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀ pé lọ́rì náà yóò jó. Ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé mi, kí ẹ ká aṣọ kúrò lórí ọkọ̀ mi. Kò sí ohun èlò kankan tí mò ń retí láti òkè òkun. Mo ti di fáàfù tèmi pa ṣáájú ti Bàbá Làmídì, kí ẹ lè máa yìn mí bí mo bá ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti jó. Èmi náà ni mo ṣe é.