Méjì Nínú Mẹ́wàá

Ẹ má sọ fún mi pé kí n jókòó, Ìyá. Mi ò jókòó. Bí mo bá jókòó, ọ̀bẹ yìí ni màá gún mọ́ tábìlì, ẹ ó sì ní mo ba tábìlì tí Bàbá Esben, ọkọ yín, fọwọ́ ara rẹ̀ kàn jẹ́. Ẹ bá mi gbé Asta ọmọ mi sẹ́yìn díẹ̀, kó má sún mọ́ mi, kí n máa la ẹja yìí lọ, torí bí ọwọ́ òsì mi kò bá rí nǹkan là láàárọ̀ yìí, mi ò mọ ohun tí yóò là.

Ẹ ò tíì rí lẹ́tà náà? Òun nìyẹn lábẹ́ ife kọfí. Èmi fúnra mi ni mo kà á, mi ò dúró kí Esben ọkọ mi dé láti orí òkun. Gbogbo Ọjọ́rú tí mo fi ń lọ sí kíláàsì ìwé kíkà fún àwọn àgbà ní ilé ìkàwé, tí ẹ ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, òní ni mo rí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ìka ni mo fi ń tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìyá ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, nínú mẹ́wàá, méjì ni òun fún ara òun tó bá di ọ̀rọ̀ wíwẹ ọmọ." Ẹnu ara mi. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ yìí, aago mẹ́wàá, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní ìjọba ìbílẹ̀ yóò jókòó pinnu bóyá kí Asta lọ máa gbé nínú ìdílé mìíràn títí ọwọ́ mi yóò fi sàn. Ìdílé mìíràn, Ìyá. Ọmọ oṣù mẹ́jọ tí kò lè sùn bí kò bá di etí mi mú. Etí ta ni yóò máa dì mú níbẹ̀?

Pernille ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ olú ìlú Kopenhágìn, onígíláàsì ojú yẹn, olùtọ́jú tí wọ́n rán sí mi lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ẹja gé iṣan ọwọ́ ọ̀tún mi, tí wọ́n ní yóò kọ́ mi bí mo ṣe máa tún lè de bọ́tìnnì, bí mo ṣe máa fi ọwọ́ kan bó ọ̀dùnkún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo gbé kọfí fún un, mo gbé búrẹ́dì dúdú àti ẹja tí a rẹ sínú ọtí kíkan fún un. Ó jẹun tán, ó wá na ìwé kan sórí tábìlì, ó ní àwòṣe tí àwọn fi ń ṣiṣẹ́ nìyí, àwọn ọ̀mọ̀wé ló jókòó ro ó, pé gbogbo ohun tí ènìyàn ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe, ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí: ìtọ́jú ara, iṣẹ́, àti fàájì. Mo ní fífún ọmọ lọ́mú ńkọ́? Ó rò ó, ó kọ ọ́ sábẹ́ iṣẹ́. Bí ẹni pé wọ́n ń fún mi lówó oṣù lé e. Mo ní súwẹ́tà tí mo fẹ́ tún máa hun ńkọ́? Ó ní ṣé mo máa ń tà á ni, àbí mo máa ń fi í gbádùn ara mi. Mo ní òtútù ló ń mú Esben lójú òkun. Kò rí ibi tí yóò kọ ìyẹn sí.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti oókan dé ẹẹ́wàá, mélòó ni mo rò pé mo lè ṣe é tó. Mo ní oúnjẹ sísè, méjì. Ibùsùn títẹ́, mẹ́ta. Wíwẹ Asta, mo ní, hẹn, ká ṣáà sọ pé méjì. Ó fojú àánú wò mí, ó kọ ọ́.

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ẹ má kọjú sí fèrèsé, ẹ̀yin ni mò ń bá wí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ọjọ́ Àìkú tí Esben kọ́kọ́ mú mi wọ ilé yìí, mo yan kéèkì wá, mo ní ó dùn o, ẹ tọ́ ọ wò, ẹ gbé fọ́ọ̀kì yín sílẹ̀. Ẹ ò bú mi. Ẹ kàn ní, "A máa rí i." Ojú tì mí gan-an. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá bi mí pé ṣé mo mọ nǹkan ṣe, màá ní díẹ̀díẹ̀ ni. Ní gbogbo etíkun yìí, ta ló ń fún ara rẹ̀ ju méjì lọ? Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ńkọ́? Ọjọ́ tí Bàbá Esben fa ọkùnrin mẹ́ta yọ nínú ìjì, tí gbogbo ìlú ń sunkún létí omi, kí lẹ sọ nígbà tó wọlé? Ẹ ní, "O pẹ́." Nígbà ìsìnkú rẹ̀, pásítọ̀ ní kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ kan, ẹ ní, "Kò ṣòroó bá gbé," gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́kún, torí a mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Ọmọ Kopenhágìn ò mọ̀. Nínú àwòṣe tiẹ̀, méjì ni méjì ń jẹ́.

Àbí ẹ ò rí mi bí mo ṣe ń wẹ ọmọ ni? Apá ọ̀tún mi lábẹ́ ọrùn rẹ̀, tòun ti àwọn ìka mẹ́ta tí kò ká mọ́, òsì ló ń bomi, inú páànù ẹja funfun ni, torí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí págunpàgun, ọmọ ò lè yọ̀ nínú rẹ̀. Ta ló kọ́ mi ní ti páànù ẹja? Kò sí nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Èmi ni mo ronú rẹ̀. Omi kan ò tíì kó sí i nímú rí, ẹ̀kán kan báyìí.

Pernille tún wá láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Tilde, kì í ṣe èmi o. Àwòṣe wa ní aláìsàn ló mọ ayé ara rẹ̀ jù. Mi ò gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà tèmi rọ́pò tìrẹ." Ẹ gbọ́ nǹkan. Ọ̀wọ̀ ló ń bù fún mi. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ìkòkò kọfí. Ògiri ló bà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni mo sọ ọ́ sí, ẹ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu mi, orí rẹ̀ ni, ọwọ́ òsì ló tàsé. Kọfí ń kán lójú gíláàsì rẹ̀. Mo fa ìwé àwòṣe náà ya, mo kó o sínú sítóòfù, mo ní bó bá tún tẹ ẹnu ọ̀nà mi, màá yọ ìfun rẹ̀ bí mo ṣe ń yọ ti ẹja. Kí ọwọ́ tó kọ méjì yẹn... rárá, mi ò ní parí èpè náà. Mo mọ ohun tí ọwọ́ jẹ́.

Kí ló ṣe? Kò sá. Ìyẹn ló tún bí mi nínú jù. Ó nu gíláàsì rẹ̀, ó ní òun lè tún bi mí ní Ọjọ́bọ̀, àwòṣe náà fàyè gba ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣàdédé fò láti méjì dé mẹ́wàá, wọn yóò ní ẹ̀rù ló ń mú mi parọ́. Ó ní ó ku ẹnì kan tí wọ́n máa gbọ́ tirẹ̀, ẹni tó ń rí èmi àti ọmọ lójoojúmọ́. Ta nìyẹn, Ìyá?

Ẹ má sọ pé ẹ ò mọ ọ̀rọ̀ sọ níwájú àwọn alákọ̀wé. Ẹ ò sì ní dé ibẹ̀ kẹ́ ẹ ní "kò burú". Mo fi sàréè Bàbá Esben búra, bẹ́ ẹ bá sọ "kò burú", "kò burú" ni wọ́n máa kọ, wọ́n á gbé Asta lọ, màá dáná sun ọ́fíìsì náà pẹ̀lú gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa gbé búrẹ́dì dúdú wá fún mi lẹ́wọ̀n. Nọ́ńbà ni wọ́n fẹ́. Ẹ fún èmi ná. Ẹ wò mí lójú. Ẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, ẹ máa ń ṣe bí ẹni ń wá aṣọ ìnura, mo rí yín. Mélòó?

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un sọ.

Mẹ́jọ. Ẹ gba ọ̀bẹ yìí lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ n jókòó, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mẹ́jọ lẹ́nu yín! Ṣé Bàbá Esben gba márùn-ún rí, òun tó fa ọkùnrin mẹ́ta yọ nínú omi? Mẹ́jọ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ náà, ẹ má fi kún un, bí mo ṣe gbọ́ ọ yìí ni kí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Ẹ gbé ọmọ náà wá fún mi. Ẹ wò ó, ó ti di etí mi mú.

Ẹ dúró ná. Méjì tó kù ńkọ́? Omi mi máa ń tutù jù? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, lójoojúmọ́... ó dáa, ó dáa. Ẹ tọ́jú méjì yẹn sọ́wọ́, Ìyá. Èmi ti rí èyí tó tó mi lára méjì.