Odindi Ìtàn fún Aunty Gbémi

Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Lithonia, ẹ fetí sí mi kí ìgboyà tí mo fi jí lónìí tó sá lọ. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, n ó sì tu ú jáde báyìí. Èdè tí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi, tí ẹ ń ṣe àmín sí, tí àwọn ìyá fi ń di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn ìsìn, èdè Ẹ̀mí Mímọ́ kọ́. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni.

Èmi Hephzibah tí gbogbo yín mọ̀ pé mò ń ka public health ní yunifásítì nítòsí Decatur, irọ́ ni mo pa. Celtic Studies ni mò ń kà: èdè àti àṣà àwọn ará Ireland, àwọn ará Wales àti àwọn ará Scotland. Mo fi pamọ́ torí mo mọ̀ pé Daddy máa sọ pé, "Ta lo fẹ́ máa bá sọ ọ́ ní Georgia yìí?" Nígbà tí mo sì jẹ́wọ́ fún wọn lánàá, ohun tí wọ́n sọ gan-an nìyẹn. Àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tí Mummy kó wá láti Ìbàdàn, tí wọ́n kó sínú àpótí ní gáréèjì, ni mo fi kọ́ Yorùbá kíkà. Nínú ìwé yẹn, ọmọbìnrin á dúró létí òkun, atẹ́gùn á máa fẹ́ aṣọ rẹ̀, ọkùnrin á sì ti ọ̀nà jíjìn dé. Ọjọ́ tí mo rí àwòrán etí òkun Ireland lára ògiri ní ilé-ẹ̀kọ́, mo ní, ibí ni. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wọ kíláàsì tán, mo fẹ́ràn èdè Ireland náà ní ti òtítọ́. Ebi kì í pa ènìyàn nínú èdè yẹn; ebi máa ń wà lórí ènìyàn ni, bí ẹrù. Ìbànújẹ́ náà, orí ènìyàn ló ń wà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ìdánwò àfẹnusọ ń bọ̀, mo jókòó sí yàrá àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo di ojú, mò ń sáré ka gbólóhùn inú ìwé sórí: Tá an bád ag an gcé. Tá ocras ar an gcat. Mummy Olúdáre, olórí àwọn aládùúrà wa, ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró. Wọ́n bọ́ bàtà.

"Yéè! Ọmọ yìí ti gbà á! Ẹ wá o, Hephzibah ti gba èdè titun!"

Ẹ̀yin ará, ohun tí mò ń sọ ni pé ọkọ̀ ojú omi wà ní èbúté, ebi sì ń pa ológbò. Mummy Olúdáre kúnlẹ̀ tì mí, wọ́n ń pariwo, "Àmín! Ṣe é, Jésù!" Ó yẹ kí n sọ pé, "Mummy, homework ni." Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò fi irú ojú yẹn wò mí rí. Mo tún sọ ti ológbò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Praise, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọrin, nìkan ló mọ̀. Ó fà mí lọ sí parking lot. "Babe, kí lò ń sọ gan-an?" Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ológbò! Hephzi, o máa pa mí! Mummy Olúdáre ṣe àmín sí ológbò!"

Ìbá dúró síbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀rín ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn Bro Dàpọ̀ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, Bro Dàpọ̀ sì ti fi òrùka sí Aunty Gbémi lọ́wọ́. Gbogbo wa la mọ Aunty Gbémi, nọ́ọ̀sì tó máa ń wakọ̀ wá láti Loganville bó ti wù kí iṣẹ́ wọ̀ wọ́n lọ́rùn tó, tí wọ́n sì máa ń di irun fún mi, tí wọ́n ń pè mí ní àbúrò mi. Nínú ìwé ìfẹ́, ọ̀tá ìfẹ́ máa ń kun ètè pupa, á sì máa rìn bí ẹni tó ni títì. Aunty Gbémi ò kun nǹkan kan. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé bí ọ̀tá ìfẹ́ bá wà nínú ìtàn yìí, èmi ni.

Praise ló fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣebí Ọlọ́run ló ń gbẹnu ẹ sọ̀rọ̀, ní kó fún ẹ ní Bro Dàpọ̀ na." Ẹ̀fẹ̀ ni tiẹ̀. Èmi ni mo dáhùn pé, "Tí mo bá sọ ọ́, ṣé wàá túmọ̀ ẹ̀?" Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. "Hephzi, that's not funny o." Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, mo ní n ó kú. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin inú ìwé máa ń wí. Ẹ má dá Praise lẹ́bi jù mí lọ.

Ẹ rántí ọ̀sán Sunday tí a pe Bro Dàpọ̀ àti Aunty Gbémi síwájú láti gbàdúrà fún wọn kí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó dé. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo mú ohùn mi gbọ̀n. Tá an doras dúnta. Níl an traein ag teacht. Praise di ojú, ó ní, "Báyìí ni Olúwa wí: ilẹ̀kùn yìí, èmi kọ́ ni mo ṣí i. Ẹ má gba ibẹ̀ wọlé." Mo rò pé Aunty Gbémi máa jiyàn, mo tilẹ̀ ń retí ìjà, torí wọ́n máa ń jà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n Aunty Gbémi kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Bí Olúwa bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ta ni èmi?" Wọ́n bọ́ òrùka. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n wá dì mọ́ mi. "O ṣé, àbúrò mi. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ẹ láti sọ."

Èyí ló burú jù. Kì í ṣe irọ́ náà. Ọpẹ́ yẹn ni, tí mo sì gbà á.

Bro Dàpọ̀ ò wá sọ́dọ̀ mi. Mo gbé ìrẹsì lọ fún wọn, mo wọ aṣọ aláwọ̀ òkun. Wọn ò wo aṣọ. Wọ́n ní, "Hephzibah, jọ̀ọ́, bá mi bi Ọlọ́run, kí ni mo ṣe?" Mo gbé abọ́ mi padà sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyáàfin Bríd, olùkọ́ wa, kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tọrọ gáfárà: Gabh mo leithscéal. Wọ́n ní ìtumọ̀ ẹ̀ láti ìpìlẹ̀ ni "gba ààbọ̀ ìtàn mi." Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Nílé wa, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi. Mo ti sọ ààbọ̀ fún ọmọlúàbí kan, ó sì ti di odindi nínú ẹ̀: odindi ìbànújẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Aunty Gbémi pè mí kí wọ́n di irun fún mi kí wọ́n tó kó lọ sí Houston. Orí mi wà láàárín orúnkún wọn. Wọ́n ní, "Hephzibah, má bínú o, mo kàn fẹ́ bi ẹ́ ni. Nígbà tí Ọlọ́run ń gbẹnu ẹ sọ̀rọ̀ níjọ́sí, ṣé ó ń bínú sí mi ni, àbí àánú mi ń ṣe é?"

Mo ní, "Àánú ni, Aunty." Mo tún purọ́, pẹ̀lú òòyà wọn lórí mi.

Mo délé, n kò lè dùbúlẹ̀ lé irun yẹn. Mo pè wọ́n, mo sọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n wá béèrè pé, "Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an?"

"Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ọkọ̀ ojú irin ò bọ̀."

"Ọkọ̀ ojú irin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Aunty."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà yí padà lẹ́nu wọn. "Hephzibah, láti ọjọ́ yẹn n ò gbàdúrà mọ́. Mo ní kí n má máa yọ ẹni tí kò fẹ́ mi lẹ́nu. Torí ọkọ̀ ojú irin!" Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ní, "Má bẹ̀ mí níkọ̀kọ̀. Ìwájú gbogbo èèyàn lo ti sọ ọ́. Lọ sọ ọ́ níbẹ̀."

Ohun tó gbé mi dúró nìyí. Mummy Olúdáre, ẹ foríjì mí; àmín yín ò ṣòfò, èmi ni mo gbé e fún ológbò. Bro Dàpọ̀, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìfẹ́ bíi tèmi, ẹ máa kà á lọ, ó dùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá ọ̀tá nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo dígí.

Aunty Gbémi, mo rí yín tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ yín. N ò ní kí ẹ gba ààbọ̀ ìtàn mi. Odindi rèé. Ọlọ́run ò sọ nǹkan kan lòdì sí yín rí. Èmi ni mo ní ilẹ̀kùn wà ní títì.