Àdúrà fún Họ́kì Orí Yìnyín

Tíṣà méjì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n há mi sáàárín nínú takisí Alákìá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, líìgì họ́kì orí yìnyín tọ́mọ yín ń gbá ní Kánádà, kò tíì parí ni?"

"Ó parí. Àwọn tó mókè ló ń lé ara wọn dànù báyìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló ń tẹ̀ síwájú. Wọ́n ti na ẹgbẹ́ ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹta."

"Áà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"Pẹ̀lẹ́ kẹ̀? Bí wọ́n bá tún nà wọ́n lọ́la, ọmọ mi ń bọ̀ wálé nìyẹn. Ó pé ọdún mẹ́ta tí mo ti fojú kàn án gbẹ̀yìn."

"Ẹ̀yin tí ẹ wọ jẹ́sì wọn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ní kí gbogbo ìjọ dìde gbàdúrà ìṣẹ́gun?"

"Mo ní kí wọ́n gbàdúrà ìṣẹ́gun ni. Mi ò dárúkọ ẹni tó máa ṣẹ́gun."