Ta Ló Ránṣẹ́ sí Ìyá Evelyn?

Ẹ má ní kí n jókòó, Ọ̀gá. N ò jókòó! Ṣé ẹni tí wọ́n fa ìyá rẹ̀ lé ọlọ́kadà lọ́wọ́ ló máa jókòó? Ìyá tó bí mi lọ́mọ o! Ìyá tí mo lọ gbà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkàrẹ́, tí mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi, pé ẹ ti ṣí yàrá ìtọ́jú síbi iṣẹ́ wa ní Ore, ọmọdé wà níbẹ̀, àgbà wà níbẹ̀, láti ojú fèrèsé ni mo ti máa máa rí i. Mo rí i náà! Mo sọ̀ kalẹ̀ lánàá kí n lọ mú un relé, àga òfìfo ló kí mi káàbọ̀.

Mo ní, "Límátù, màmá mi dà?" Ẹ sáà mọ Límátù, òun tí ẹ fi ṣe olùtọ́jú wọn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ti wá gbé Ìyá Evelyn lọ." Àwọn wo? Ó ní Bàbá Evelyn ló rán ọlọ́kadà. Kí lo wí? Èmi gan-an ni Evelyn! Bàbá mi ti kú, Ọ̀gá, ẹ̀yìnkùlé wa la sin ín sí, èmi alára bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Òkú wo ló ń rán ọlọ́kadà níṣẹ́ ní Ore? Ilẹ̀kùn ni mo dì mú.

Ẹ dákun, ẹ má tíì fèsì. Mo mọ̀, ẹ fẹ́ ní àṣìṣe ni. Àṣìṣe yẹn ni gbogbo yín ti ń bù fún mi látàárọ̀. Pé ọmọ jòjòló kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Evelyn bíi tèmi, pé ìyá rẹ̀ tó ń tẹ̀wé lókè yìí náà ni Ìyá Evelyn. Pé àlejò dé bá Adéoyè ọkọ rẹ̀ ní Omifunfun, ló bá ní kí Àzíìz ọlọ́kadà lọ gbé Ìyá Evelyn wá, kó yà níbi tí àwọn ọmọ wà. Pé Àzíìz dé ẹnu ọ̀nà, ó jíṣẹ́, ó ní Bàbá Evelyn ní kí Ìyá Evelyn máa bọ̀ kíákíá. Ó dáa, mo ti gbọ́!

Ṣùgbọ́n ojú Límátù fọ́ ni? Kò mọ ìyá ọmọ tó ń fún lóúnjẹ lójoojúmọ́? Kò lè ní, "Ọmọ ńkọ́, ṣé ìyá nìkan ni wọ́n ní kí o gbé?" Mo bi Àzíìz, ó ní, "Àǹtí, àwọn tó wà níbẹ̀ ló pè wọ́n ní Ìyá Evelyn, àwọn náà ló gbé wọn gun ọ̀kadà mi. Ṣé kí n máa béèrè ọjọ́ orí wọn ni?" Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọkùnrin!

Ọ̀rọ̀ yìí ní abẹ́nú, Ọ̀gá. Ìyá mi ò jẹ́ kí Límátù sinmi, bó bá ti pọn ọmọ, ìyá mi á ní orí ọmọ ń mì, so ó dáadáa. Ṣé kì í ṣe pé ó ti sú u, tó wá rí ẹni gbé e lọ? Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ má bínú o. Ta ló ń sọ ọ́ kiri pé yàrá yẹn ló yẹ kí jẹnẹrétọ̀ wà? Ẹ̀yin kọ́? Ẹ wò ó, tábìlì ni ẹ ń wò, ẹ ò wojú mi!

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù lọ kò tíì jáde lẹ́nu mi. Límátù ní bí wọ́n ṣe jíṣẹ́ Bàbá Evelyn, ìyá mi dáhùn. Ó ní, "Mò ń bọ̀ o!" Ó nawọ́ gán ìborùn rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun ti mọ̀ pé ó máa ránni wá. Olúwa o! Ṣé irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń jẹ́? Mo sọ fún wòlíì wa, ó mirí, ó ní kí n máa gbààwẹ̀. Ẹ wá ní kí n gbà pé orúkọ lásán ló bára mu?

Nígbà tí mo dé Omifunfun, iwájú ilé Adéoyè ni ìyá mi jókòó sí tó ń bó ẹ̀gẹ́. Adéoyè fúnra rẹ̀ ló ròyìn fún mi. Ó ní màmá sọ̀ kalẹ̀, ó béèrè Bàbá Evelyn, òun ní òun nìyí, ni màmá bá wò ó tòkè tilẹ̀, ó ní, "Irọ́ lo pa. Bàbá Evelyn ga jù ẹ́ lọ." Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ẹkún ló kù. Màmá ní òun á dúró dè é. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ." Ó wò mí, ó ní, "Ta ni yín?"

Kí lẹ wí? Kí ẹ ti yàrá náà? Háà! Mo mọ̀! Ta ló ní kí ẹ tì í? Bí ẹ bá tì í, ta ni mo fẹ́ fi í tì, kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni? Ẹ bá wọn wí ni mo sọ, n ò ní kí ẹ ti nǹkan kan.

Kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà? Kí wọ́n máa pè é ní Màmá Ìkàrẹ́? Rárá o, ẹ ò gbọdọ̀ dán an wò! Kò mọ ojú mi mọ́, Ọ̀gá. Kò mọ orúkọ mi. Àfi bí wọ́n bá pe òun ní Ìyá Evelyn nìkan ló ń dáhùn. Ibẹ̀ nìkan ló kù tí mo wà lórí rẹ̀, ẹ̀yin fẹ́ yọ mí kúrò níbẹ̀?

Ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pe Límátù wá síbí, kó gbọ́ ọ lójú mi, kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì náà gbọ́. Bí Bàbá Evelyn bá tún ránṣẹ́, ẹni yòówù kó rán, kí wọ́n ní Ìyá Evelyn ò sí nílé.