Fíìmù Tí Mo Fi Ṣe Òòyà

Ẹ̀yin ará ìlú Honda wa létí odò, ẹ bá mi jókòó. Dókítà ti ní kí n palẹ̀ mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Kì í ṣe odò tó kún ló gbé fíìmù wa lọ. Èmi Eufemia ni.

Láyé ìgbà tí fíìmù kò tíì máa fọhùn, Ọ̀gá Lisandro fi ìwé ìtàn kan tí gbogbo obìnrin ìlú yìí ń kà sunkún ṣe fíìmù. Ó ti ṣèlérí pé èmi ni màá ṣe ìyàwó inú rẹ̀. Nígbà tó yá, Otilia ọ̀rẹ́ mi ló mú, ó sì mú ìyá Otilia tó jẹ́ alágbàfọ̀ pé kó ṣe ìyá ìyàwó. Èmi ni wọ́n ní kí n máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù hàn ní gbọ̀ngàn, kí n sì máa tọ́jú agolo mẹ́fà tí fíìmù náà wà nínú wọn, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà láyé. Ogójì ìgbà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Otilia. Ìlara jẹ mí dé eegun.

Lọ́dún tí omi wọlé, mo rí àwáwí. Mo kó agolo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ bá Abundio tó ń fi ike ara fíìmù àtijọ́ ṣe òòyà. Ó ní, "Sisí, ṣó dá ẹ lójú? Ojú èèyàn ló wà lára ẹ̀ yìí o." Mo ní, "Fọ̀ ọ́ dànù." Ó rì í bọ omi gbígbóná, ojú gbogbo wọn sì bó kúrò, ó wá fi ike tó ṣẹ́kù gé òòyà.

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Ìyá Otilia kú, kò sì ya fọ́tò rí láyé rẹ̀. Otilia kúnlẹ̀ níwájú mi: "Eufemia, jọ̀ọ́, fún mi lára fíìmù yẹn, bó ṣe díẹ̀ ló kù, bó ṣe ẹ̀yìn màmá mi nìkan ló hàn." Mo ní, "Odò ti gbé gbogbo ẹ̀ lọ, ọ̀rẹ́ mi." Mo wá fi ọ̀kan nínú àwọn òòyà náà ta á lọ́rẹ. Ó dúpẹ́! Òun ló fi ya irun lọ sìnkú. Irú èèyàn wo ni mí?

Oṣù tó kọjá ni mo ránṣẹ́ pè é, mo jẹ́wọ́. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ. Fún ọjọ́ mọ́kànlá, mi ò gbúròó rẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlá ó gbé ọbẹ̀ ẹja wọlé, ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀ gbàà. "Jẹun, ìkà. O ò gbọdọ̀ tíì kú. Ìwọ lo wo fíìmù yẹn lógójì ìgbà. Báwo ni màmá mi ṣe ń rìn nínú ẹ̀?"

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ròyìn màmá rẹ̀ inú fíìmù fún un, díẹ̀díẹ̀: bó ṣe ń fún aṣọ, bó ṣe ń fọwọ́ bo ẹnu tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Otilia pariwo lánàá: "Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀! Mo ti gbàgbé!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ìlara pa ohun tí ẹ ò lè jí dìde. Ẹ dárí jì mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún ẹnu òpùrọ́ níṣẹ́ rere ṣe. Ọ̀sán yìí ni Otilia tún ń bọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń fi ìborí ìgbéyàwó bò ó lórí nínú fíìmù náà ni.